Ìgò Òògùn Tó Ti Ṣófo: Bí A Ṣe Ń Tún Un Lò àti Bí A Ṣe Ń Kó O Dànù

Ọkùnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti jọ ń ta òògùn ní Ìbàdàn. Àpò ìrẹsì ló gbé kọ́ èjìká. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní ìgò òògùn tó ti ṣófo?" Mo ní a ní in, ó kún ẹ̀yìnkùlé. Mo kó o jáde fún un. Mo rò pé yóò kàn da gbogbo rẹ̀ sínú àpò ni, àmọ́ ńṣe ló jókòó tì í, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí bébà ara rẹ̀ ti ya, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí kò ní ìdérí mọ́, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí bébà ara rẹ̀ ṣì ń dán, tí ọjọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ ṣì hàn ketekete, ìyẹn ló ń kó sápò. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Páálí wọn ńkọ́, mà? Bí páálí bá wà, owó á lé sí i."

Ibẹ̀ ni ara ti fu mí. Ẹni tó fẹ́ lọ yọ́ ike kò nílò páálí, kò sì ní máa wò ó bóyá bébà ya tàbí kò ya. Orúkọ ara ìgò ni ọkùnrin yẹn ń rà. Mo gba ìgò mi padà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní mi ò tà mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé òògùn lè tán nínú ìgò kí orúkọ rẹ̀ má tán. Bóyá ẹ fẹ́ fi ìgò náà kó bọ́tìnnì sí ni o, tàbí ẹ fẹ́ tà á fún àwọn tó ń ra ike, ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ orúkọ

Ẹni tó ń ṣe ayédèrú òògùn lè lọ ẹfun tàbí ìyẹ̀fun kó sì tẹ̀ ẹ́ di oníhóró. Èyí tó máa ń nira fún un ni ìgò tó jọ ti gidi, tí nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn, wà lára rẹ̀, tí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kò sì tíì pé. Bí àwa bá ju odindi ìgò sórí ààtàn tòun ti páálí rẹ̀, a ti bá a ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ọdún 1993 ni wọ́n dá NAFDAC sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló sì rántí bí olóògbé Dora Akunyili, tó jẹ́ olórí àjọ náà nígbà yẹn, ṣe gbógun ti àwọn aláyédèrú láàárín ọdún 2001 sí 2008. Ní 2010, wọ́n gbé ètò kan jáde pé kí èèyàn ha ojú ibì kan lára òògùn, kó fi nọ́ńbà tó bá rí lábẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, kó lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Síbẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC ṣì ní láti ti ọjà òògùn Ìdúmọ̀tà l'Ékòó pa, pẹ̀lú ti Onitsha àti ti Aba, nítorí ayédèrú òògùn àtàwọn òògùn tó ti bàjẹ́.

Ìyẹn ti ìta. Nínú ilé, orúkọ tún lè tan èèyàn jẹ. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan ládùúgbò wa gbé ìgò òògùn ikọ́ sẹ́nu. Kẹrosíìnì ni ìyá rẹ̀ rọ sínú rẹ̀, tó fi ń dáná sítóòfù. Ìgò náà kò tíì bọ́ bébà, àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ṣì wà lára rẹ̀, ọmọ náà sì mọ̀ ọ́n dáadáa, torí inú ìgò yẹn gan-an ni wọ́n ti bu òògùn dídùn fún un lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ìyá àgbà kan ti ń wá epo pupa tí wọn yóò rọ sí i lẹ́nu kó lè bì. A bẹ màmá pé kí wọ́n dúró, a gbé ọmọ digbádìgbà lọ sí ọsibítù. A dúpẹ́ pé ó yè é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Bíbì yẹn gan-an ló máa ń jẹ́ kí kẹrosíìnì ráyè wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣọṣẹ́. Ẹ bọ́ aṣọ tí ó bá ti ta sí, ẹ gbé ọmọ àti ìgò náà lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣà wọ́n

Ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì tàbí ìwé ìròyìn sílẹ̀, ẹ da gbogbo wọn síbẹ̀. Èyí tó ṣeé tún lò ni ìgò ike funfun tí wọ́n ń kó oníhóró sí, bíi ti fítámì àti parasítámọ́ọ̀lù, ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ ti òògùn olómi, yálà ike ni tàbí èyí tó ń fọ́, agolo róòbù, àti ike ẹlẹ́nu gbòòrò tí ìpara wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan wà tí mi ò jẹ́ tún lò láé, bó ti wù kí wọ́n dára lójú tó. Ìgò òògùn jẹjẹrẹ wà lára wọn, àti ti họ́mọ̀ònù, àti ti òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí ìwọ̀nba kékeré tó kù lára ike lè ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgò òògùn oníyẹ̀fun tí a ń fi omi pò fún ọmọdé, irú bíi amoxicillin. Ìdílé pẹnisílíìnì ni ìyẹn, àwọn kan sì wà tí ó jẹ́ pé díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ló máa sọ ara wọn di lílé, tí èémí á sì há. Ìgò òògùn ìpa-iná-orí, ti áyódìn àti ti sípíríìtì kò sí nínú ohun tí a ń fọ̀ tún lò. Ìgò òògùn ojú kéré lẹ́nu débi pé kò sí bí ẹ ṣe lè fọ inú rẹ̀ mọ́. Ní ti ìgò abẹ́rẹ́, ike díríìpù àti ohunkóhun tó ti kan ẹ̀jẹ̀, ẹ má tilẹ̀ gbé e wọlé. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fẹ́ fi ike díríìpù bomi rin ẹ̀fọ́. Tó bá jẹ́ pé ọsibítù ni wọ́n ti ṣà á, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Bí òògùn díẹ̀ bá ṣì wà nínú ìgò, tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má sì dà á sí ṣáláńgá tó sún mọ́ kànga. Ẹ dà á sínú ọ̀rá, ẹ po eérú tàbí erùpẹ̀ tútù mọ́ ọn títí kò fi ní wu ọmọdé tàbí ewúrẹ́ jẹ, ẹ so ọ̀rá náà, kí ẹ sì jù ú sí pàǹtírí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́

Ẹ rẹ ìgò sínú omi lọ́wọ́wọ́ tí ọṣẹ wà nínú rẹ̀, fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí. Bébà lásán á ṣí kúrò fúnra rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ ọ̀rá pélébé, ẹ fi èékánná gbé etí rẹ̀ sókè, kí ẹ rọra fà á. Gọ́ọ̀mù á ṣẹ́ kù, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ fi òróró ẹ̀pà ra á, ẹ fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá fi eérú díẹ̀ àti kànìnkànìn gbo ó. Mo ti fi kẹrosíìnì gbo ó rí, ó máa ń bọ́, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára ike mọ́, nítorí náà òróró ni mo fara mọ́.

Ẹ má kàn ju bébà tí ẹ bó nù lódindi. Ẹ ya á gba orí nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kọjá. Ẹ ṣe páálí náà bẹ́ẹ̀: ẹ fà á ya sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ sì rí i pé ojú ibi tí wọ́n ń ha yẹn ti ya pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà, orúkọ tiyín gan-an ló wà lára ìgò kékeré aláwọ̀ ọsàn tí fámásì ń fún yín, pẹ̀lú orúkọ dókítà àti àìsàn yín tí ẹlòmíràn lè tipa òògùn náà mọ̀. Ẹ bó bébà yẹn kí ẹ tó jù ú nù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fọ̀ ọ́ dénú

Ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù ṣan inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ wá ṣí ìdérí, kí ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí pélébé rọ́bà tàbí páálí roboto kan tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn nínú. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ yọ ọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni òògùn olómi máa ń sá pamọ́ sí, tí yóò dì bíi oyin dúdú, òun náà ló sì máa ń fa èèrà wọ inú kọ́ńbọ́ọ̀dù lẹ́yìn tí ẹ bá rò pé ìgò ti mọ́. Tí ẹ kò bá yọ ọ́, ẹ kò tíì fọ̀ ọ́.

Ọrùn ìgò kì í gba ọwọ́, kì í sì í gba kànìnkànìn. Èyí tí mo máa ń ṣe ni pé mo da ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì kan sínú rẹ̀, mo bu omi ọṣẹ dé ìdajì, mo dé e, mo sì mì ín kíkankíkan fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ìrẹsì á máa ha inú ìgò káàkiri. Èèpo ẹyin tí a rún wẹ́wẹ́ náà ń ṣe é. Ẹ má fi ìrẹsì náà fún adìẹ o, ẹ dà á nù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bu omi bíi lítà mẹ́rin sínú báàfù, ẹ fi ṣíbí ìjẹun kan ṣoṣo ti bílíìṣì sí i, ẹ kó ìgò àti ìdérí sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má fi òògùn apakòkòrò mìíràn kún bílíìṣì, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà kún un, torí afẹ́fẹ́ olóró lè tibẹ̀ jáde. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan wọ́n, ẹ dojú wọn dé sórí aṣọ mímọ́ fún ọjọ́ méjì. Ìgò tó ń fọ́ ṣeé bọ̀. Inú omi tútù ni kí ẹ ti kó o sí, kí ẹ tẹ́ aṣọ sísàlẹ̀ ìkòkò, kí iná mú un díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ju ìgò tútù sínú omi tó ń hó, á là. Ike kò ṣeé bọ̀ rárá, á ká jọ.

Ẹ wá dán an wò báyìí: ẹ dé ìgò tó ti gbẹ náà pinpin, ẹ gbé e sínú oòrùn fún wákàtí kan, ẹ ṣí i, ẹ sì gbóòórùn inú rẹ̀. Tó bá ṣì ń rùn bí òògùn, ìṣó àti ìdè ló tọ́ sí, kì í ṣe irúgbìn, kì í ṣe òróró ìpara.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fún un ní orúkọ tuntun àti iṣẹ́ tuntun

Kí ẹ tó fi ohunkóhun sínú rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ohun náà àti ọjọ́ sára bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù bò ó kí omi má baà pa á rẹ́. Ìgò tí kò lórúkọ, ẹ má dà nǹkan sínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù lọ fún ìgò òògùn oníhóró ni títọ́jú irúgbìn ẹ̀fọ́. Ìdérí rẹ̀ máa ń dé pinpin, ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní àpò pélébé tàbí rọ́bà róbótó kékeré kan nínú, tó ń fa ọ̀rinrin. Ẹ má jù ú nù. Ẹ sá irúgbìn tẹ̀tẹ̀, ewédú, ata tàbí tòmátò sí ibòji títí yóò fi gbẹ táútáú, tí èékánná kò fi ní lè wọ ara rẹ̀ mọ́. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, ẹ fi àpò afọ̀rinrin náà sí i, ẹ dé e, kí ẹ gbé e sí ibi tó tutù. Irúgbìn ata tí mo tọ́jú báyìí ní ìparí òjò, mo gbìn ín nígbà tí òjò tuntun bẹ̀rẹ̀, ó sì hù dáadáa. Tẹ́lẹ̀, inú ọ̀rá ni mo máa ń di í sí, kòkòrò àti ọ̀rinrin á sì ti jẹ ìdajì rẹ̀ kí àkókò tó tó.

Fún télọ̀, ìgò funfun yẹn dára fún abẹ́rẹ́, píìnì, bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ máṣíìnì tó ti ṣẹ́. Àwọn ìgò kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ ìdérí wọn mọ́lẹ̀ kó tó lè yí i. Irú ìyẹn ni kí ẹ fi tọ́jú bátìrì róbótó kékeré ti aago àti ti rìmóòtù. Bí ọmọdé bá gbé bátìrì bẹ́ẹ̀ mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí náà a kì í fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, ì báà jẹ́ pé ó ti kú.

Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń fọ́ wúlò fún àdí àgbọn àti òróró tí a fi ń para, torí àwọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tètè ba òróró jẹ́. Ike ìpara ẹlẹ́nu gbòòrò gba òrí dáadáa. Agolo róòbù ń gba yẹtí àti síìmù fóònù, ó sì rọrùn láti fi rin ìrìn àjò.

Mi ò ní fi ìgò òògùn kó ohun tí a ń jẹ tàbí tí a ń mu sí. Àwọn kan á sọ pé tó bá ti mọ́, ó mọ́ náà ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ike, torí ike máa ń fa nǹkan mọ́ra. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta àgbo, mo bẹ̀ yín, ẹ ra ìgò tuntun. Ẹni tó ń mu àgbo yín kò mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn lánàá.

Òògùn kan kì í sì í wọ inú ìgò òògùn mìíràn. Ẹ má da parasítámọ́ọ̀lù sínú ìgò fítámì nítorí pé ìgò fítámì lẹ́wà jù.

Kẹrosíìnì, ásíìdì, bílíìṣì, ọ̀tápìápìá, òògùn eku: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́dọ̀ wọ ìgò òògùn, bí ẹ tilẹ̀ kọ orúkọ gàdàgbà sí i lára. Lójú ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà, àwọ̀ ìgò àti ìrísí rẹ̀ ni orúkọ. Ẹ kò lè fi ọṣẹ bó ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: èyí tí ẹ fẹ́ tà fún àtúnyọ́

Ẹ yí ìdí ìgò sókè. Ẹ ó rí ààmì onígun mẹ́ta tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. Ìgò olómi tó jẹ́ ike aláwọ̀ ilẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 1, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi mímu tí a ń rà. Ìgò funfun oníhóró sábà máa ń jẹ́ 2, ìdérí sì sábà máa ń jẹ́ 5. Irú ike kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí iná gbọ́dọ̀ gbóná dé kó tó yọ́, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í yọ́ wọn pọ̀.

Bí nọ́ńbà kò bá hàn, ẹ gé ara ìgò díẹ̀ tó bí èékánná, ẹ gé ti ìdérí náà, ẹ jù wọ́n sínú abọ́ omi, ẹ fi ìka tẹ̀ wọ́n rì kí afẹ́fẹ́ kúrò lára wọn. Èyí tó jẹ́ 1 á lọ sísàlẹ̀ bí òkúta, á sì dúró síbẹ̀. 2 àti 5 á léfòó padà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan lójú àwọn ọmọ yín, ẹ ó rí i pé àwọn fúnra wọn ni yóò máa ṣa ike lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ yọ ìdérí kúrò, ẹ kó 1 sọ́tọ̀, 2 sọ́tọ̀, ìdérí sọ́tọ̀. Ìgò tó ń fọ́, ẹ má pò ó mọ́ ike, kí ẹ sì ya aláwọ̀ ilẹ̀ kúrò lára funfun, torí àwọ̀ yẹn kì í kúrò nínú rẹ̀ bí wọ́n bá yọ́ ọ. Àfọ́kù ìgò ṣeé yọ́ ṣe ìgò mìíràn láìmọye ìgbà, kì í sì í gba iná tó èyí tí yanrìn tuntun ń gbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀bẹ tàbí sísọ́ọ̀sì la ìgò ike kọ̀ọ̀kan láàárín. Iye kílò rẹ̀ kò ní dín kù, owó tí oníke máa san kò sì ní yí padà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè rọ nǹkan sínú rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin alápò ìrẹsì yẹn tún kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́yìn oṣù bíi méjì. Ó wo àwọn ìgò tí mo ti là jọ, ó ní, "Ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn, mà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọkùnrin tó ń fi ọmọlanke ra ike ládùúgbò ló rà wọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò tilẹ̀ bi mí ní ìbéèrè kankan. L'Ékòó, Wecyclers, ilé iṣẹ́ akóke fún àtúnlò tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀ ní 2012, ti ń fi kẹ̀kẹ́ akẹ́rù gba irú ike báyìí lójúlé dé ojúlé.

Èyí tí kò sẹ́ni tó ń rà

Káàdì òògùn, ìyẹn pélébé oníhò tí a ń ti oníhóró jáde nínú rẹ̀, ike àti bébà irin ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, kì í sì í rọrùn láti yà wọ́n. Ẹ gé e gba orí orúkọ rẹ̀ kọjá, ẹ fi sí pàǹtírí tí àwọn akólẹ̀ máa kó. Ẹ má sun ún, torí irú ike tó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yọ èéfín tó ń ta ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ náà ni májèlé dioxin ti ń jáde.

Agolo afẹ́fẹ́ tí àwọn tó ní ikọ́ fée (asthma) ń fà sẹ́nu, ẹ má lu ú, ẹ má sì jù ú síná, ó lè bú gbàmù bó tilẹ̀ dà bíi pé ó ti tán. Ní Bìrìtéènì, fámásì máa ń gbà á padà lọ́wọ́ yín.

Abẹ́rẹ́ tí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ fi ń gún ara rẹ̀ nílé, inú ike tó nípọn, tí abẹ́rẹ́ kò lè gún yọ, ni kí ẹ máa jù ú sí. Ẹ kọ "ABẸ́RẸ́" gàdàgbà sí i lára. Tó bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ dé e, ẹ fi téèpù wé ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tí ẹ ti ń gba ìtọ́jú, kí wọ́n kó o mọ́ tiwọn.